Làkúrègbé Tí Kì Í Ṣe Ti Ogbó

Obìnrin kan nínú ìjọ wa ní Ọgbà, lẹ́bàá Ìkẹjà, kò tíì pé ọmọ ọdún 35 nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní òwúrọ̀ tí kò sì lè di ọwọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí a ti ń di ọjà sínú páálí ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Oríkèé ìka rẹ̀ wú, ó gbóná, oòrùn a sì ga kí ó tó lè wé gèlè. Ẹnìkan ní ogbó ni. Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ni. Ẹnìkẹta tọ́ka sí ìyá ọkọ rẹ̀. Ọdún méjì kọjá lórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ìka méjì sì ti wọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

Làkúrègbé kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ń dun orúnkún àwọn àgbà bí wọ́n bá rìn jìnnà, tí ó sì ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá jókòó, kì í ṣe òun ni mo ń sọ. Èyí tí mo ń sọ a máa mú ọ̀dọ́ àti àgbà, obìnrin ju ọkùnrin lọ; a máa le jù ní òwúrọ̀, a sì máa mú ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì pọ̀. Síbẹ̀ ogbó kan wà nínú rẹ̀: kì í ṣe ti ẹni náà, bí kò ṣe ti àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọlọ́run fi ẹ̀ṣọ́ tí ojú lásán kò lè rí sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Apá kan nínú wọn ń kọ́ṣẹ́ nínú ẹran kékeré kan lẹ́yìn egungun àyà, tí à ń pè ní thymus. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ láti mọ onílé yàtọ̀ sí olè. Ó tóbi ní ìgbà èwe, lẹ́yìn náà a máa sún kì. Bí ẹ̀ṣọ́ tuntun bá dínkù, àwọn ti àtijọ́ a pín ara wọn sí méjì, méjì a di mẹ́rin, kí iye wọn má bàa dín. Bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ tí kò rí èbù tuntun, tí ó ń gé ti àtijọ́ gbìn lọ́dọọdún: ebè kún, ṣùgbọ́n iṣu kò rí bí ti tẹ́lẹ̀. Okùn ìjogún inú ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́tí, tí à ń pè ní telomere. Pípín kọ̀ọ̀kan a máa gé e kúrú díẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ tí kò tíì gbó kì í jà bí kò bá gba àmì méjì: kí ó dá ọ̀tá mọ̀, kí a sì fún un ní àṣẹ. Èyí tí ó ti gbó a máa pàdánù etí tí ó fi ń gbọ́ àṣẹ náà, a sì máa jà láìdúró dè é. A máa tú oró tí ń fa wíwú jáde. Bí irú wọn bá wọ inú awọ oríkèé, awọ náà a wú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ eegun.

Ní ọdún 2000, Cornelia Weyand, Jörg Goronzy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Mayo Clinic, Amẹ́ríkà, rí i pé ẹ̀ṣọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú thymus kéré nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn alárùn yìí, àní nínú àwọn ọ̀dọ́, ìṣẹ́tí náà sì ti kúrú ṣáájú àkókò. Ṣé kì í ṣe àìsàn náà ni ó sọ wọ́n di ogbó? Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n ní 2003 ẹgbẹ́ kan náà rí ìṣẹ́tí kúkúrú nínú àwọn tí ara wọn le, tí wọ́n jogún àmì ìdílé tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn alárùn náà. Ó dà bí ẹni pé, nínú àwọn kan, ogbó yìí ti wà kí àìsàn tó dé.

Ní 1968, Brian Greenwood, oníṣègùn tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kọ̀wé pé irú àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n láàrin wa ju láàrin àwọn Òyìnbó lọ. Ó rò pé ibà àti kòkòrò inú ara ni ó ń dá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà lọ́wọ́ kọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tu ara rẹ̀ nínú. Ní 2010, Olufemi Adelowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa 200 alárùn náà tí wọ́n tọ́jú ní Èkó, obìnrin sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn.

Kò sí oògùn tí ń sọ ẹ̀ṣọ́ di èwe padà, ṣùgbọ́n èyí tí ń kì í wọ̀ wà. Bí oríkèé bá wú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ó sì ń le ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ ní òwúrọ̀, ẹ tọ oníṣègùn lọ. LASUTH, ní Ìkẹjà, kò jìnnà sí Ọgbà. Ẹni tí ń mu tábà, kí ó jáwọ́. Prednisolone tí àwọn kan ń rà láìsí ìwé oníṣègùn a máa mú ìrora rọlẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó pẹ́, a máa sọ eegun di ẹlẹgẹ́. Methotrexate ni oníṣègùn sábà máa ń kọ́kọ́ fúnni. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ ni à ń lò ó. Ẹni tí ó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú. Aboyún kò gbọdọ̀ lò ó rárá, a sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ń lò ó wò.

Obìnrin ìjọ wa fi pẹ́ńsù pupa yí gbogbo ọjọ́ Ẹtì ká nínú álímánákì rẹ̀ kí ó má bàa gbàgbé. Ó ti ń wé gèlè rẹ̀ tán báyìí kí agogo ìsìn tó lù, ṣùgbọ́n ìka méjì nì kò nà mọ́.