Ọgbọ́n Àtọwọ́dá àti Ẹ̀tọ́ Orísun: Àgbéyẹ̀wò Àdìrẹ Ìbàdàndùn

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n náà ni ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn AI, fi ń ṣiṣẹ́. Inú àwòrán tí àwọn ènìyàn ti yà tàbí tí wọ́n ti yà sílẹ̀ rí ni ẹ̀rọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń yàwòrán. Iṣẹ́ yìí fi àdìrẹ Ìbàdàndùn ṣe àpẹẹrẹ, kí ó lè hàn pé dídárúkọ orísun jẹ́ ojúṣe, kì í ṣe oore.

Àdìrẹ Ìbàdàndùn

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni Ìbàdàndùn. Àwọn obìnrin a máa fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ funfun pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Aró kì í ràn dáadáa níbi tí ẹ̀kọ bá bò. Bí wọ́n bá ha ẹ̀kọ náà kúrò, ọnà a hàn. Ohun tí a fi ń dá Ìbàdàndùn mọ̀ ni òpó Gbọ̀ngàn Màpó tí ṣíbí wà láàrin wọn. Ọdún 1929, nígbà ìjọba amúnisìn, ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn yìí lórí òkè Màpó, tí Ọjà'ba wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òpó rẹ̀ jọ ti ilé Gíríìsì àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn aládìrẹ sọ ọ́ di ọnà Ìbàdàn. Èyí fi hàn pé yíyá nǹkan lò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Orúkọ aṣọ náà ṣì ń sọ ìlú tí ó yìn, ọnà rẹ̀ sì ń tọ́ka sí ilé tí wọ́n wò yà á.

Bí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Kọ́ Ọnà

Àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí ó ṣàlàyé rẹ̀ ni ẹ̀rọ ayàwòrán fi ń kẹ́kọ̀ọ́. LAION-5B, tí ó jáde ní ọdún 2022, jẹ́ àkójọ ìtọ́ka sí àwòrán tí ó lé ní bílíọ̀nù 5 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣàlàyé èyí tí ó lé ní bílíọ̀nù 2 nínú wọn. Bí ẹni tí ó gbé àwòrán Ìbàdàndùn síbẹ̀ bá pè é ní aṣọ Áfíríkà lásán, ohun tí ẹ̀rọ yóò mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí ó ya àdìrẹ, ó lè lú u mọ́ ọnà ilẹ̀ mìíràn, láìsí òpó, láìsí ṣíbí, láìsí orúkọ. Ẹni tí ó bá tà á lè jèrè, kí aládìrẹ má tilẹ̀ gbọ́.

Òfin àti Ojúṣe Olùkọ́

Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọpọlọ ti Nàìjíríà ti ọdún 2022 ka aṣọ ìbílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ àjogúnbá àwùjọ, ó sì ní kí ẹni tí ó bá gbé e jáde dárúkọ àwùjọ tàbí ibi tí ó ti wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, UNESCO fọwọ́ sí ìmọ̀ràn lórí ìwà tí ó tọ́ nínú ọgbọ́n àtọwọ́dá, ó sì fi ọ̀wọ̀ fún onírúurú àṣà kún un. Síbẹ̀, ẹni tí kò mọ orísun iṣẹ́ kò lè lo òfin láti dáàbò bò ó. Ibí yìí ni iṣẹ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ní Bẹẹrẹ tàbí Bẹyẹrunkà lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè orúkọ àdìrẹ tí ó wà nílé lọ́wọ́ ìyá àgbà, kí wọ́n yà á, kí wọ́n sì kọ orúkọ ọnà, ìtumọ̀ àti ìlú rẹ̀ sábẹ́ àwòrán ní èdè Yorùbá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi èyí tí ẹ̀rọ yà wé e, kí wọ́n sì tọ́ka sí ohun tí ó sọnù.

Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn nínú àgbéyẹ̀wò yìí pé ẹ̀rọ kò lè dárúkọ ohun tí àwọn tí ó ni ín kò kọ sílẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè wo òpó Màpó lára aṣọ kí ó sì pe orúkọ rẹ̀, yóò mọ̀ nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, yóò sì lè béèrè fún un.