Kí ló dé tí ọkọ̀ kábọ̀n fáíbà fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ lè dáhùn

Ẹ wo fóònù àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùré, ẹ ò ní pẹ́ rí àwòrán ọkọ̀ pẹlẹbẹ bíi Pagani tàbí McLaren. Owó ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè kọ́ odindi àdúgbò. Kí ló wà lára rẹ̀ gan-an?

Lákọ̀ọ́kọ́, ara ọkọ̀ náà kì í ṣe irin. Kábọ̀n fáíbà ni wọ́n ń pè é, òwú ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á mú òwú oníke, wọ́n á fi sínú ooru tó ju 1,000 dígírì Celsius lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ò sí, kó má baà jó di eérú. Ohun tó máa ṣẹ́kù ni fọ́nrán dúdú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Wọ́n á hun ún bí aṣọ òfì, wọ́n á fi oje kẹ́míkà tó ń le koko rin ín. Òṣìṣẹ́ á wá fi ọwọ́ tẹ́ ẹ sínú mọ́ọ̀dù, ìpele lórí ìpele. Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì gbé e sínú ààrò ńlá tó ń fi ooru tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ibì kan bá wúnjọ, iṣẹ́ lè bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá yọrí, ìwúwo rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́rin ti irin, ó sì lágbára gan-an.

McLaren gbé irú ara ọkọ̀ yìí wọ pápá ìdíje Formula One lọ́dún 1981. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tí èèyàn lè wà ní títì, McLaren F1, 106 péré ni wọ́n ṣe. Horacio Pagani, ọmọ Argentina tó ń ṣiṣẹ́ ní Lamborghini, ní kí wọ́n ra ààrò náà, wọ́n kọ̀. Ó yáwó, ó ra tirẹ̀. Lọ́dún 1999, ó gbé ọkọ̀ Zonda jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì níbí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley, London. British Museum fẹ́ rà á, Ògògà ní òun ò tà. Nígbà tó yá, ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú Òyìnbó ṣe pàṣípààrọ̀. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn, ti àkọ́kọ́ sì wà lọ́hùn-ún dòní. Igi pọ̀ nínú igbó. Ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ìyẹn ló yẹ kó jẹ wá lógún. Kábọ̀n fáíbà kì í tẹ̀ bí irin tí páńẹ́lì-bítà lè lù padà. Ńṣe ló ń sán, tàbí kó fọ́. Ẹni tó bá rà á láìmọ iṣẹ́ rẹ̀, òkèèrè ló máa wá àtúnṣe lọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ṣeé kọ́. Lọ́dún 2019, Jerry Mallo, ọ̀dọ́kùnrin kan ní Jos, fi kábọ̀n fáíbà ṣe ọkọ̀ tirẹ̀, Bennie Purrie.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kẹ́ ẹ tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe ṣe é.