Ẹ Má Fi Ọkàn Yín fún Ábúsálómù

Agbo ilé tí kò ní ọmọ tàbí ìbátan ní Àbíjàn kò pọ̀ ní Èjìgbò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Máṣífà àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Láti ayé àwọn baba wa ni a ti ń ṣòwò ní Ivory Coast, owó ibẹ̀ ni a sì fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tí a ń gbé. Nítorí náà, ohun tí ojú wọn rí níbẹ̀ kì í ṣe ìròyìn òkèèrè létí wa. Ẹ jẹ́ kí a fi kọ́gbọ́n.

Ẹni tó ní òun wá gbálẹ̀

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1999, tí ọdún Kérésìmesì ku ọ̀la, àwọn ṣójà gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Henri Konan Bédié. Ọ̀gágun Robert Guéï tó di olórí sọ pé ilé ló dọ̀tí, òun kàn wá gbá a ni, bí òun bá gbá a tán, òun yóò lọ. Inú àwọn èèyàn dùn. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yípo, ẹni tó wá gbálẹ̀ ti fẹ́ di onílé. Nígbà tí ìdìbò oṣù Kẹwàá 2000 kò rí bó ṣe fẹ́, ó kéde pé òun ló wọlé. Àwọn ará ìlú tú sí títì, ó sì sá lọ.

Ẹni tó ń gbàdúrà bíi tiwa

Laurent Gbagbo ló bọ́ sórí oyè. Olùkọ́ ìtàn ní yunifásítì ni, ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí ìjà òṣèlú. Ó ṣèlérí pé òun yóò tún orílẹ̀-èdè náà kọ́ láti ìpìlẹ̀. Òun àti Simone ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ní gbangba. Àwọn pásítọ̀ àti wòlíì yí wọn ká, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì gbà pé Ọlọ́run ló rán an. Bí a bá ti gbà pé Ọlọ́run ló rán ẹnì kan, ta ni yóò tún bi í léèrè ọ̀rọ̀?

Ọdún 5 ni òfin fún un. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 2002, wọ́n sì ń sún ìdìbò síwájú láti 2005 títí di 2010. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò kéde pé Alassane Ouattara ló borí, Gbagbo kò gbà. Nǹkan bí 3,000 èèyàn ló kú kí wọ́n tó mú un ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2011. Kí a má purọ́: àwọn ọmọ ogun apá kejì náà pa èèyàn, ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague sì dá Gbagbo sílẹ̀ ní 2019. Ouattara fúnra rẹ̀ tún du ipò lẹ́ẹ̀kẹta ní 2020, ó ní òfin tuntun ti pa ìṣirò àtijọ́ rẹ́.

Ní àkókò rògbòdìyàn náà, ọ̀pọ̀ ará wa ló padà sílé pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí ọwọ́ wọn ká. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni du ipò, síbẹ̀ wọ́n jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Kí ni Bíbélì wí?

Ẹ ṣí 2 Sámúẹ́lì 15. Ábúsálómù a máa jí ní kùtùkùtù dúró lẹ́nu ibodè. Ẹni tó bá ní ẹjọ́, á sọ fún un pé ẹjọ́ rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ láàfin. Ì bá ṣe pé òun ni onídàájọ́! Á fẹnu kò wọ́n lẹ́nu. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe òun ló dá ìṣòro àwọn èèyàn sílẹ̀. Ìṣòro wà lóòótọ́. Òun kàn fi gun orí oyè ni. Nígbà tó sì fẹ́ dìtẹ̀, ẹ̀jẹ́ Olúwa ló ní òun ń lọ san ní Hébúrónì. Igba ọkùnrin bá a lọ pẹ̀lú ọkàn kan, wọn kò mọ nǹkan kan.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbé fídíò Ibrahim Traoré ti Burkina Faso káàkiri lórí fóònù. Òun náà fipá gba ìjọba ní 2022. Oṣù Keje 2024 ni wọ́n dá pé àkókò ìjọba ológun yóò parí. Kí ó tó pé, wọ́n fi ọdún 5 kún un.

Ẹni tó fẹ́ dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹ bi olóṣèlú yòówù ní ìbéèrè mẹ́ta:

1. Báwo ni yóò ṣe ṣe ohun tó ṣèlérí, owó wo ni yóò sì fi ṣe é?
2. Ṣé ó gbà kí a bi òun léèrè? Sámúẹ́lì dúró níwájú gbogbo ìlú, ó ní kí ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ jáde wá (1 Sámúẹ́lì 12:3).
3. Bí àkókò rẹ̀ bá pé, ṣé yóò lọ?

Ẹ gba káàdì ìdìbò yín, ẹ sì gbàdúrà fún àwọn aláṣẹ bí 1 Tímótì 2 ti kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a sọ pẹpẹ di pèpéle ìpolongo ìbò. Ìbò ni kí ẹ fún olóṣèlú. Ọkàn yín, ti Jésù nìkan ni.

Olúwa yóò la ojú inú wa. Yóò sì pa àwọn ọmọ wa mọ́ nílé àti ní Àbíjàn, ní orúkọ Jésù. Àmín.