Oorun Aránṣọ

Bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan ní Abẹ́òkúta, ìlú àwọn ọmọ Lísàbí, aránṣọ tí í fojú kan oorun kò pọ̀: àǹkóò a gun orí àǹkóò, oníbàárà tí ó ti fi aṣọ pamọ́ sínú àpótí láti ọjọ́ pípẹ́ a wá sọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù di ibùjókòó, ẹ̀rọ ìránṣọ a sì máa dún títí àkùkọ yóò fi kọ. Aládùúgbò mi kan, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá nídìí abẹ́rẹ́, kì í bá wọn ṣe é. Bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, a fi aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀, a lo oògùn rẹ̀, a sì sùn. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Wọn kò mọ̀ pé wárápá ti ń bá a fínra láti kékeré, àti pé àìsùn ni ilẹ̀kùn tí àrùn náà mọ̀ ọ́n gbà wọlé jù.

Wárápá kì í ràn. Nínú ọpọlọ ni ó ti ń wá: iná tín-ín-rín tí ọpọlọ fi ń rán ara níṣẹ́ ni yóò ṣàdédé ru gùdù, tí ara yóò gan, tí ìfóófòó yóò yọ lẹ́nu. Ìfóófòó yìí ni ó ń ba ọjà oníṣòwò jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ó bá ta sí lára ti kó o nìyẹn. Bí alákàrà bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, àkàrà rẹ̀ di àwòkọjá. Ká má sì purọ́, epo gbígbóná kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí ó lè ṣubú nígbàkigbà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, àgbà oníṣègùn ọpọlọ ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ilé dé ilé ní Igbó-Ọrà. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, bí ènìyàn 5 nínú 1,000 ni wọ́n bá wárápá lára wọn. Ẹ fi ìyẹn wo ọjà Ìtokù ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ tí ó bá kún, kí ẹ sì bi ara yín léèrè àwọn tí ń fi í pamọ́.

Ìpamọ́ náà ni ó wọ́n ju àrùn lọ. Phenobarbital, tí wọ́n ti ń lò sí i láti 1912, wà lára oògùn tí kò gbówó lórí rárá. Owó ọkọ̀ tí aládùúgbò mi fi ń lọ rà á ní ìlú mìíràn, kí ojúlùmọ̀ má bàa rí i, ju owó oògùn lọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ há, ó dá a dúró lójijì, àrùn sì padà wá pẹ̀lú ìbínú. Bẹ́ẹ̀, nínú 100 ẹni tí ó bá rí ìtọ́jú tí ó yẹ, àwọn tí kò ní ṣubú mọ́ lè tó 70.

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó dète; ọ̀ràn balẹ̀, ó dèrò. Ète tí òun dá nìyí: ó sọ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ àgbà, ó kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe, kò sì gba aṣọ mọ́ bí ọdún bá ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́dún tó kọjá, ó ń wọn ìyá àgbàlagbà kan lọ́wọ́ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣubú. Ọmọṣẹ́ gbé sísọ́ọ̀sì kúrò nílẹ̀, ó ká ègé aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tẹjú mọ́ agogo. Kò fi ṣíbí yà á lẹ́nu, kò wá ìtọ̀ màlúù. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ni. Kò tó méjì. Ìyá ti sá lọ, pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

Ní ọjọ́ kejì ó dá téèpù padà, ó gbé e sórí tábìlì, kò jókòó.

“Ọmọ mi, ṣé aṣọ mi á jáde kí Iléyá tó dé?”

“Á jáde, mà. Ojúmọmọ ni n ó rán an.”