Èdè Ṣáínà Nínú Ẹ̀kọ́ Òfin: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Méjì Nínú Àdéhùn Ọjà

Ìfáàrà

Ní Ajégúnlẹ̀, tí ó múlé ti èbúté Àpápá, ọmọdé a máa gbọ́ Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti Urhobo ní àdúgbò kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹrù tí ó ń gba èbúté náà wọlé, ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti ń wá. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tí ẹ̀ka rẹ̀ wọ inú èbúté náà, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ni ó là á. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni àǹfààní tí ó wà nínú kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin kọ́ èdè Ṣáínà mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Dìngjīn méjì

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí àwọn oníṣòwò Ṣáínà ń lò fún owó tí a kọ́kọ́ san lórí ọjà: 定金 àti 订金. Dìngjīn ni a ń pe méjèèjì, ohùn wọn kò sì yàtọ̀. Ní èdè Yorùbá, ohùn ni ó ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀. Níhìn-ín, ojú nìkan ni ó lè yà wọ́n, etí kò lè yà wọ́n.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn nínú òfin kì í ṣe kékeré. Ìwé òfin ìlú Ṣáínà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021 sọ ní abala 587 pé bí ẹni tí ó san èkínní bá ba àdéhùn jẹ́, owó rẹ̀ gbé. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí ó gbà á ni ó bà á jẹ́, ìlọ́po méjì ni yóò dá padà. Abala 586 kò jẹ́ kí ó ju ìdá kan nínú márùn-ún iye ọjà lọ. Àsansílẹ̀ lásán ni èkejì. Òfin ìlọ́po méjì kò kàn án.

Ògbufọ̀ ńkọ́?

Ẹnìkan lè sọ pé ògbufọ̀ tó. Lóòótọ́, Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36(6)(e), fún ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ kò dé kì í ṣe ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn. Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dé ilé ẹjọ́, ó ti fọwọ́ sí ìwé. Bí ògbufọ̀ ti wù kí ó mọ̀ ọ́n sọ tó, kò lè yí ohun tí a ti kọ padà. Ìgbà tí a ń kọ àdéhùn ni ó yẹ kí ẹni tí ó lè kà á wà níbẹ̀.

Bí a ṣe lè pa wọ́n pọ̀

Ọdún 5 ni ẹni tí ó ti ilé ẹ̀kọ́ girama wọlé fi ń kọ́ òfin ní yunifásítì kí ó tó lọ sí Nigerian Law School. Yunifásítì Èkó ní Akọka ní Confucius Institute tí a ti ń kọ́ èdè náà. Nítorí pé ìkọ̀wé rẹ̀ ń gba àkókò, ọdún kìíní ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì ti orí ìkíni bọ́ sí kíka ìwé àdéhùn.

Ìkádìí

Èdè kò sọ ènìyàn di agbẹjọ́rò ní Ṣáínà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà nìkan ni a ń gbà sí ìdánwò agbẹjọ́rò wọn. Àǹfààní rẹ̀ wà nílé: kí oníbàárà láti Ajégúnlẹ̀ tó san owó, kí ẹnìkan lè sọ fún un irú dìngjīn tí ó fẹ́ san.