Ìwé tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ

Ní Lagbé, ní àgbègbè Ifangni, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé lè rí kì í sábà jẹ́ ti ìjọba. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájọṣe, irú ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe epo pupa tàbí tí ń yan gàrí. Òfin OHADA lórí àwọn ẹgbẹ́ alájọṣe, tí wọ́n gbà wọlé ní Lomé ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2010, fẹ́ kí ẹgbẹ́ ní ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí ó sì ní àkọsílẹ̀ ìpàdé. Nítorí náà, kí wọ́n tó gba akọ̀wé, wọn a ní kí ó mú ohun tí ó ti kọ wá.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọn a sanwó fún ẹlòmíràn kí ó bá wọn kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Gbólóhùn rẹ̀ a gùn, Faransé rẹ̀ a dún bí ti adájọ́. Mo mọ obìnrin kan tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ó jókòó, kí ó kọ ìlà mẹ́ta. Ẹ̀rù bà á, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, wọn kò sì gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ó mọ Yorùbá kọ dáadáa! Ohun tí wọ́n ń wá wà nínú kàyé rẹ̀ nílé: ìpàdé èsúsú wọn, ọjọ́ rẹ̀, iye ènìyàn tí ó wá, ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí, iye owó tí ó wọlé, àti iye tí ó kù.

Irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ mú lọ. Ẹ dà á kọ sórí ìwé mìíràn, kí ojúlówó má bàa sọnù. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì yọ orúkọ àwọn tí ó jẹ gbèsè kúrò. Ẹ béèrè èdè tí wọ́n fẹ́. Òfin ilẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 fún wa ní òmìnira láti sọ èdè wa àti láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ṣì ń béèrè Faransé. Bí ìkéde bá sì sọ pé «demande manuscrite», bíìkì ni kí ẹ fi kọ ọ́, ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́.

Obìnrin yẹn gbé kàyé rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Wọ́n ní kí ó kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ náà gan-an. Ó béèrè ibi tí ó lè jókòó sí.