Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ rọra o! Bátìrì ọ̀kadà ni mo ní kí wọ́n fi sínú mọ́tò ìṣeré ọmọ mi n'Ìkòtún, díẹ̀ ló kù kó di ẹkún

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi, nítorí ẹni tó bá fẹ́ sọ òótọ́ fún aráyé, tara rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ. Èmi tí mo máa ń bá àwọn èèyàn wí nínú ìwé ìròyìn pé wọn kì í fara balẹ̀, èmi yìí náà ni mo gbé ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, lé orí mọ́tò ìṣeré tí mo ti fi ọwọ́ ara mi sọ di ààrò. N'Ìkòtún ni, nínú ọgbà ilé tí à ń gbé, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ọlọ́run ló yọ wá, ẹ bá mi dúpẹ́.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ mọ́tò tí mò ń wí. Mọ́tò oníke tí ọmọdé máa ń jókòó sínú rẹ̀ ni, tó bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀ báyìí, yóò máa lọ, iná iwájú rẹ̀ á máa tàn, òmíràn á sì tún máa kọrin. Nígbà tiwa, agolo mílíìkì la fi ń ṣe mọ́tò, a ó gé sálúbàtà tó ti já fi ṣe táyà, a ó sì so okùn mọ́ ọn, ó parí. Ayé ti kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wa jíìpù.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí gbogbo àwa òbí tí à ń gbé l'Alímọ̀ṣọ́ mọ̀: jíìpù náà kì í pẹ́ dákẹ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka èèyàn lọ́dún 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan, ẹ wo iye ọmọdé tó máa wà nínú wọn, àti iye ọgbà tó máa wà l'Ẹgbẹ́dá, l'Ìdímù àti n'Ìgándò tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kàǹga, tí adìẹ ń sùn sí, tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Owó gọbọi ni wọ́n fi rà á o. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni mọ́tò náà kò kú rárá, bátìrì rẹ̀ nìkan ló kú.

Bó ṣe rí fún tèmi náà nìyẹn. Àbúrò ìyàwó mi ló ra mọ́tò náà fún ọmọ nígbà tó ṣe ọjọ́ ìbí. Oṣù kẹrin ni kò lọ mọ́. Ìyàwó mi ní, “Dádì, ẹ jẹ́ ká gbé nǹkan yìí fún àwọn tó ń ra ike, ó ti ń gba ààyè.” Mo ní rárá. Mo gbé e lọ bá rewáyà kan ládùúgbò wa, ọmọkùnrin tó mọṣẹ́ dáadáa tó bá jẹ́ ti mọ́tò àwọn àgbà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, fóòtì 6 ni wọ́n fi sí i, ìyẹn kékeré. Ẹ jẹ́ kí n gbé fóòtì 12 ti ọ̀kadà sí i fún yín, ẹ ó rí i pé fífò ló máa máa fò.”

Ṣé mo bi í léèrè ohunkóhun? N kò bi í. Ká má purọ́ fún ara wa, èmi bàbá ló ń wù kí mọ́tò náà sáré, ọmọ kò bẹ̀ mí. Rewáyà bá ń ṣiṣẹ́. Ó bá kinní pélébé kan lójú ọ̀nà wáyà, ó ní fíùsì ni, ó ti jó, òun kò sì ní irú rẹ̀ lọ́wọ́. Ló bá yọ ọ́ dànù, ló bá so wáyà náà pọ̀ ní dáírẹ́ẹ̀tì. Mo dúró tì í, mò ń wò ó, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Mo sanwó, mo gbé mọ́tò mi lọ sílé.

Ha, mọ́tò sáré! Àwọn ọmọ inú ọgbà ń pàtẹ́wọ́, ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín àrínjókòó, èmi náà ń gbéra ga. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mọ́tò náà lọ kọlu búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, táyà rẹ̀ há síbẹ̀. Ọmọ kò gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó ṣáà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, ó rò pé yóò jáde. Òórùn kan kọ́kọ́ dé, bí ìgbà tí sálúbàtà bá jábọ́ sínú iná. Lẹ́yìn náà ni èéfín yọ lábẹ́ ìjókòó. Ìyàwó mi ju ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fò mọ́ ọmọ, ó fà á yọ. Àkísà ni mo fi di ọwọ́ mi kí n tó lè já wáyà kúrò lórí bátìrì. Nígbà tí a ṣí ìjókòó, ike abẹ́ rẹ̀ ti yọ́, ara wáyà ti bó kanlẹ̀. Ìdí ṣòkòtò ọmọ ti gbóná, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò bó. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò sì bá a jà sí i.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdé, mo gbé òkú mọ́tò náà lọ bá bàbá àgbàlagbà kan l'Ẹgbẹ́dá, tó ń tún inverter àti UPS ṣe. Bàbá wò ó, ó mi orí. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ fi ọmọ rẹ sun ẹran ni?” Lẹ́yìn náà ló wá fi mí jókòó, ó là mí lóye, ohun tó sì sọ fún mi ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́.

Bàbá ní wáyà dà bí páìpù omi. Wáyà tí wọ́n fi sínú mọ́tò fóòtì 6 kò nípọn, agbára tó lè gbé ní ìwọ̀n. Tí èèyàn bá wá gbé fóòtì 12 lé e lórí, tí táyà sì há, iná tó ń gba inú wáyà náà kọjá á di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ooru tó máa mú wá á di ìlọ́po mẹ́rin. Fíùsì ló yẹ kó já níbẹ̀ kí gbogbo nǹkan dákẹ́. Aṣọ́nà ni fíùsì. Ẹni tó bá yọ fíùsì, tó so wáyà ní dáírẹ́ẹ̀tì, ó ti lé aṣọ́nà lọ, ó sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

Kò tán síbẹ̀. Mọ́tò fóòtì 6 kì í sábà sáré ju kìlómítà 3 tàbí 4 lọ ní wákàtí kan, ìyẹn ìrìn ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Àwọn tó ṣe é mọ ìdí tí wọ́n fi fi mọ bẹ́ẹ̀. Jíà inú rẹ̀, ike ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní búrèkì gidi, tí ọmọ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ́ńjìnnì kékeré inú rẹ̀ náà ló máa mú táyà dúró. Tí ẹ bá sọ eré di ìlọ́po méjì, ẹ kò sọ búrèkì di ìlọ́po méjì. Nínú ọgbà Ìkòtún tí kàǹga wà lápá kan, tí gọ́tà wà lápá kejì, ibo lẹ fẹ́ kí ọmọ sá lọ?

Ẹ má rò pé àwa tálákà tí à ń ṣe àpalẹ̀ nìkan nirú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. L'Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan tó dára, lóṣù kẹwàá ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ Fisher-Price ní kí àwọn òbí gbé mọ́tò ìṣeré Power Wheels wá fún àtúnṣe, iye mọ́tò tọ́rọ̀ náà kàn sì tó mílíọ̀nù 10. Àwọn ohun èlò iná inú wọn ló ń gbóná kọjá ààlà, nǹkan bí ìgbà 150 ni iná sì ti sọ lára wọn. Lọ́dún 2001, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san owó ìtanràn mílíọ̀nù 1.1 dọ́là, nítorí ìjọba ní wọn kò tètè wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Tí mọ́tò tó ti ilé-iṣẹ́ jáde bá lè gbiná, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sí èyí tí a kò fi fíùsì sí?

Báwo wá ni ká ṣe tún un ṣe? Kò le rárá. Ohun tí bàbá fi hàn mí nìyí. Mọ́tò tí kò bá lọ, ẹ má tíì tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ṣájà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bóyá iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mítà kékeré táwọn oníná fi ń wọn iná lẹ máa fi wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn bátìrì. Bátìrì fóòtì 12 tó yó, tó sì ti sinmi, á fi nǹkan bíi 12.7 hàn, ti fóòtì 6 á fi bíi 6.3 tàbí 6.4 hàn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Ẹ ní kí ẹnì kan tẹ mọ́tò náà mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́. Tí nọ́ńbà náà bá já wálẹ̀ lójijì, bátìrì ti gbó nìyẹn, irọ́ ló ń pa fún yín tẹ́lẹ̀. Ẹ ra irú rẹ̀ gan-an: fóòtì kan náà, ìwọ̀n kan náà. Bátìrì fóòtì 12 tí wọ́n kọ 7Ah sí lára, tí ọ̀pọ̀ mọ́tò tó tóbi díẹ̀ ń lò, òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ UPS kọ̀ǹpútà, kò ṣòro rí.

Tí bátìrì bá dára, ẹ wo fíùsì. Tí fíùsì bá dára, ẹ wo súìṣì abẹ́ ẹsẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi ń lọ síwájú sẹ́yìn, erùpẹ̀ àti omi òjò máa ń bà wọ́n jẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń dún ṣùgbọ́n táyà kò yí, tó ń ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, eyín jíà ló ti jẹ. Wọ́n ń ta jíà náà lọ́tọ̀.

Ohun tó ń pa bátìrì wa l'Alímọ̀ṣọ́ gan-an ni bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Bátìrì olójé tí Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1859 ni baba ńlá rẹ̀, ìwà kan tó sì ní ni pé kò fẹ́ràn ebi. Tí ọmọ bá ti fi ṣeré tán, tí ẹ gbé e sílẹ̀ lófìfo fún oṣù méjì nítorí kò síná, ó ti ń kú lọ nìyẹn. Ẹ ṣáàjì rẹ̀ lẹ́yìn ìlò, bíi wákàtí 8 sí 12, kí ẹ sì yọ ọ́, ẹ má fi sílẹ̀ títí ọjọ́ kejì. Tí ọmọ kò bá lò ó, ẹ ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn kan tún ti ń fi bátìrì lithium sí i báyìí nítorí ó fúyẹ́. Tí ẹ kò bá ní ṣájà tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣájà bátìrì olójé lè mú kó gbiná.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kí mọ́tò ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti aládùúgbò, ọ̀nà wà tí kò mú ewu dání. Ẹ gé tíúbù táyà tó ti gbó, kí ẹ fi wé táyà oníke náà, kò ní máa yọ̀ lórí símẹ́ńtì mọ́. Ẹ fi bẹ́líìtì sí ìjókòó. Ẹ fi wáyà tó nípọn rọ́pò èyí tó ti gbó, ṣùgbọ́n kí fíùsì rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, òun ló sì wúwo jù. Bátìrì tó bá kú, ẹ má fún ọmọ ṣeré, ẹ má tú u, ẹ má sì jù ú sínú pàǹtí. Àwa tí a mọ ohun tí ààtàn Solous ti fojú àwọn ará Ìgándò rí kò gbọdọ̀ fi òjé kún un. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní orílẹ̀-èdè Senegal, àwọn èèyàn ń tú bátìrì mọ́tò láti yọ òjé inú rẹ̀, òjé náà sì dà pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ àdúgbò. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọ 18 ló kú níbẹ̀. Lóòótọ́, bátìrì tiwọn pọ̀ ju ẹyọ kan tó wà lábẹ́ ìjókòó ọmọ wa lọ, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni. Ibi tí ẹ ti ra tuntun ni kí ẹ dá ògbólógbòó padà sí, ọ̀pọ̀ wọn ń gbà á, wọ́n á sì yọ owó díẹ̀ fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ nínú ọgbà yín.

Mọ́tò ọmọ mi ti ń lọ padà. Bátìrì fóòtì 6 ló wà nínú rẹ̀, fíùsì rẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gbé e délé, ọmọ náà wà á yí ọgbà ká, ó wá béèrè pé, “Dádì, ṣé kò ní sáré bíi tọjọ́sí mọ́ ni?” Mo ní kò ní sáré mọ́. Ó ní kò burú, ló bá lọ gbé ọmọ aládùúgbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, wọ́n jọ ń lọ jẹ́jẹ́. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, “Ṣé ẹ ti rí i báyìí pé kì í ṣe ọmọ ló fẹ́ sáré?” Èsì wo ni mo fẹ́ fún un?